Owó Bátìrì

Ní Duluth, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun,
yìnyín ti bo fèrèsé yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ.
Pahoua Lor wọ kóòtù jókòó sínú ilé,
ó ń ṣírò owó tí kò tíì rí.

Bátìrì fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀: dọ́là mẹ́rìnlélógún.
Owó bọ́ọ̀sì lọ sí Hibbing, àlọ àtàbọ̀, ìgbà méjìlá.
Ogún dọ́là fún bàbá kọ̀ọ̀kan tó bá gbà láti sọ̀rọ̀.
Owó ẹni tí yóò máa da ohùn kọ sínú ìwé:
ó pa ìyẹn rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́, lóru.

Fọ́ọ̀mù béèrè pé: kí ni ìwádìí yìí wà fún?
Ó kọ ọ́: àwọn àgbà ọkùnrin tí olólùfẹ́ wọn, ọkùnrin bíi tiwọn, kú,
tí ẹnikẹ́ni ò kí wọn kú aráfẹ́rakù.
Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fi èdè saikọ́lọ́jì tún un kọ.
Ó tún un kọ. Ó gùn sí i. Ó sì tutù.

Ìyá rẹ̀ pè láti Saint Paul, níbi tó ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì:
"Wọ́n á wá sanwó fún ẹ kó o lè gbọ́ ẹkún ẹlẹ́kún?"
"Bóyá wọ́n á san án, Màmá."
"Ọ̀fẹ́ làwa fi ń gbọ́ ọ o."
Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, èyí ìyá pẹ́ díẹ̀ ju ti ọmọ lọ.

Verlyn Kangas ló fa gbogbo èyí.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Èbúté ló ti ṣiṣẹ́,
níbi tí wọ́n ti ń da òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi.
Nínú èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan wà, kò tó èékánná,
tó ń ya ako sọ́tọ̀ lára abo kí gbólóhùn tó gbéra nílẹ̀.
Àwa tí à ń pe gbogbo ayé ní "ó" ò mọ ìyẹn lẹ́rù.
Ó se ọbẹ̀. Ó sùn. Ó ń hanrun. Ó ti kú.
Ta ni yóò mọ̀?
Ogójì ọdún ni Verlyn fi ń fo ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni ń fo kòtò.
Bí wọ́n bá bi í lọ́jọ́ Ajé pé kí ló ṣe lópin ọ̀sẹ̀,
á ní, "A lọ pẹja."
Ìwọ àti ta?
"Èmi àti ẹni tá a jọ ń san owó iná."

Lálẹ́ tí Orrin ń lọ, nọ́ọ̀sì béèrè pé, kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn?
"Mo ní ayálégbé ni mí."
Verlyn gbé ife tíì kalẹ̀.
"Ilé mi ni o. Èmi ni mo ra á."
Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí.
Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ò sí níbì kankan láyé
àfi nínú etí ọmọbìnrin kan tí ń gbé lókè ilé ìfọṣọ.

Oṣù Kẹta ni lẹ́tà dé.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ló béèrè, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni wọ́n fún un.
Wọ́n gé owó bọ́ọ̀sì, wọ́n gé ti àwọn bàbá sí ìdajì.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ fi bírò kọ ọ́ pé:
ẹ má fọwọ́ kan ti bátìrì.
Kò fọwọ́ sí i. Pahoua ka ìlà yẹn títí,
ó ń rò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ náà
ní ẹni tó máa ń fo orúkọ rẹ̀.

Ó padà sí Hibbing. Yìnyín ti ń di ẹrẹ̀.
Verlyn ti gé irun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́lá,
ó ní kó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà kóun tó jókòó.
Ó wúkọ́. Ó wo àga tó ṣófo.
Ó ní: "Ó fẹ́ràn ẹyin díndín, èyí tó jó létí."
Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ "ó" yẹn fún yín.
Iná pupa kékeré ń tàn lára ẹ̀rọ.